Iná Tí Kò Gbọdọ̀ Hàn Síta

Ọjọ́ tí Olúwadárasími kọ́kọ́ fojú kan Ọláfimíhàn, inú òkùnkùn ni ọkùnrin náà ti yọ sí i, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́ta ọ̀sán ni, oòrùn sì ń ta lórí gbogbo òrùlé Akówọnjọ. Ó ta aṣọ dúdú kan bo igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ló ti jáde wá, iná kéékèèké méjì ń tàn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọ̀kan funfun, èkejì ní àwọ̀ oyin. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ sì hàn.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Irú iná wo lẹ ń wá?"

Dárasími ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Olùkọ́ ni nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdímù, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló sì ń gbé lókè ilé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti bí ọdún kan àbọ̀ kò tíì sùn mọ́jú rí.

"Iná LED tí wọ́n máa ń tàn sílẹ̀ lálẹ́ ni," ló wí. "Èyí tó mọ́lẹ̀ jù lọ ni kí ẹ fún mi. Kó funfun báláú."

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Bàbá mi. Àti èmi náà."

"Ṣé ẹ fẹ́ sùn ni, àbí ẹ fẹ́ ṣọ́ ọjà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dárasími kó tó mọ̀. Ọkùnrin náà gbé iná méjèèjì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ wò ó mà. Iná funfun yìí, oorun kì í fẹ́ràn rẹ̀. Tí àgbàlagbà bá sì jí lójijì, tí irú iná yìí ta sí i lójú, kò ní í rí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń ṣubú. Èyí tó ní àwọ̀ oyin yìí, ìsàlẹ̀ ògiri lẹ máa fi sí. Ẹsẹ̀ ló ń tànmọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe ojú. Bátìrì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n bá mú iná lọ, kò ní í kú. Ẹ wá wò ó nínú òkùnkùn kí ẹ tó gbà mí gbọ́."

Ó ká aṣọ dúdú náà sókè. Òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ yanu sílẹ̀ bí ihò.

Ẹsẹ̀ Dárasími kọ̀ láti gbé. "Ẹ má bínú," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Mi ò lè wọ ibẹ̀."

Ó ń retí kí ọkùnrin náà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọláfimíhàn kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó di aṣọ náà mú sókè, ó sì fara ti ògiri.

"Èmi á dì í mú báyìí. Mi ò ní í jẹ́ kó bọ́. Ìgbà tí ẹ bá ti ní ó tó, ó tó nìyẹn."

Dárasími wò ó. Ó wọlé ní ìṣísẹ̀ kan, ó tún gbé ìkejì. Iná aláwọ̀ oyin náà wà nílẹ̀ nínú igun, ó rọra tàn sára sìmẹ́ǹtì débi tó fi rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi ka ẹẹ́wàá nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tó jáde, ọkùnrin náà ṣì di aṣọ náà mú sókè.

"Ẹ fún mi ní mẹ́ta," ni Dárasími wí. "Ṣùgbọ́n bàbá mi ò ní í gbà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá bá a sọ̀rọ̀."

"Mo máa wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀sán ni mo máa wá o."

Ohun tí Dárasími kò mọ̀ ni pé ọkùnrin tó ń ta iná yìí kì í ríran lálẹ́.

Láti ilé-ìwé gíga ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ayé á pòórá lójú Ọláfimíhàn. Tí kì í bá ṣe ohun tí iná tàn sí gan-an, kò ní í rí i. Dókítà ti sọ fún un pé àìsàn ìdílé ni, pé díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà yóò máa pa dé láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, pé kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò pa dé tán. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Oǹdó ti fọ́jú pátápátá kó tó pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọdún kejì tó fọ́jú ni ọkọ rẹ̀ kó ẹrù ara rẹ̀ jáde nílé, kò sì padà wá. Ọláfimíhàn wà nílé lọ́jọ́ náà. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún bàbá rẹ̀.

Nítorí ojú náà ló fi máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún lójoojúmọ́. Mary, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ní òpópónà kejì, ni yóò wá mú un lọ́wọ́ lọ sílé. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ nínú ọjà. Gbogbo iná tó ń tà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn wọ ẹ̀yìn aṣọ dúdú lọ wò. Èyí tó bá fi ọ̀nà han ojú tirẹ̀, ìyẹn ló ń gbé sórí àtẹ. Àwọn arúgbó fẹ́ràn ọjà rẹ̀ púpọ̀, wọn ò sì mọ ìdí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Alàgbà Báyọ̀dé, bàbá Dárasími. Ará Èkìtì ni bàbá náà, ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì tún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì.

"Dìde. Mi ò fẹ́ iná lálẹ́ nínú ilé mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé," ni Dárasími bẹ̀ ẹ́.

"Kí ló fẹ́ ṣàlàyé? Ìkòtún la ń gbé nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìdánwò àwọn ọmọ ni mò ń máàkì lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, iná tèmi nìkan ló ń tàn. Àwọn olè wọlé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá. Ojú ìyàwó mi ni wọ́n ti lù mí. Ọ̀kan nínú wọn ní iná mi ló júwe ilé fún àwọn. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di aago mẹ́jọ, mo ti pa gbogbo rẹ̀."

Ọláfimíhàn kò bá a jiyàn. "Ohun tí ẹ sọ yẹn, ó tó kó bani lẹ́rù sà. Iná tí kò ní í hàn síta ni mo gbé wá. Tó bá hàn, màá tú u kúrò lójú yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ pa ògiri lọ, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́: mẹ́fà láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mẹ́rin dé balùwẹ̀, mẹ́ta sí yàrá Bàbá. Dárasími rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ iná ni. Ó fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sí balùwẹ̀. Ọ̀kan tó kù, ó fẹ́ fi sí yàrá Bàbá.

"Rárá," ni bàbá náà wí. "Yàrá tèmi kọ́. Àwọn méjì yẹn náà, a óò dúró kí ilẹ̀ ṣú, kí á lọ wò ó láti ìta."

Ọláfimíhàn wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kó sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Ó jókòó, ó ń wo fèrèsé bí ojú ọ̀run ṣe ń dúdú sí i. Nígbà tó di aago méje, Alàgbà Báyọ̀dé ní, "Ọ̀gá oníná, ó yá, bọ́ sísàlẹ̀ lọ wò ó."

"Kí Anti lọ wò ó, sà," ló yára dáhùn. "Èmi á dúró síbí, màá máa tan án, màá máa pa á." Ògiri ló dì mú bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Dárasími sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí. Kò sí iná ládùúgbò. Ó dúró nínú àgbàlá, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ géètì, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀.

"Kí lẹ rí?" ni Ọláfimíhàn béèrè lórí fóònù.

"Mi ò rí nǹkan kan. Bí ẹni pé kò sẹ́ni nínú ilé."

"Ẹ wo fèrèsé kejì."

"Òkùnkùn ni." Lẹ́yìn náà ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa fóònù."

"Mi ò pa á. Ẹ̀yin náà, ẹ má pa á."

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe dúró, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n, Dárasími kò sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà.

Bàbá gbà kí iná méjèèjì wà níbi tí wọ́n wà. Dárasími gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n àlejò kò dúró jẹ ẹ́. Ó ti rọra pe Mary. Ó di irin àtẹ̀gùn mú sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu géètì, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára irin títí kẹ̀kẹ́ tí Mary wà nínú rẹ̀ fi dé.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Dárasími sùn mọ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pe oníná láàárọ̀ láti dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sì gba ogójì ìṣẹ́jú.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ilé-ìwé bá ti parí, Dárasími á gba Akówọnjọ kọjá, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ilé rẹ̀. Á jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó kéde rẹ̀.

"Tíṣà mi, o ti fún ọmọ yẹn ní òdo. Ṣàánú rẹ̀ jàre."

"Oníná mi, iṣẹ́ rẹ ni kí o máa ṣe. Ọmọ tó kọ 'ewúrẹ́' bí ẹni kọ 'ẹrú', àánú wo ni kí n ṣe é?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò dá wọn dúró, Dárasími sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Inú òkùnkùn ni màámi ṣubú sí. Ó ń lọ sí balùwẹ̀. Mo gbọ́ ọ, Fimíhàn. Mo gbọ́ gbì, mo sì gbọ́ tó pè mí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tètè dìde. Ẹ̀rù òkùnkùn bà mí, mo ń wá fóònù mi kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo máa fi rí i, tí mo máa fi jáde, kò dá mi lóhùn mọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé ọmọléèwé kan. "Bàbá mi rò pé oorun ni mo sùn."

Ọláfimíhàn mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó yẹ kó sọ tirẹ̀ lásìkò náà. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ó wo obìnrin tí òkùnkùn ti gba ìyá rẹ̀ lọ, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Alàgbà Báyọ̀dé ń wò wọ́n, kò sì sọ nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Dára, ọkùnrin yẹn kì í wá kí wa lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ṣú bá a níbí, ṣe ló sá lọ. Ọkùnrin tí aago márùn-ún bá ń lé lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ ló ń dúró dè é."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Dárasími lára bí òtútù. Ó fi ọjọ́ méjì rò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ sí Akówọnjọ láìsọ fún un, nígbà tí aago méje ti fẹ́ lù. Oníbàárà kan ti dá Ọláfimíhàn dúró pẹ́ lọ́jọ́ náà. Dárasími bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti tì, obìnrin kan sì dì í mú lọ́wọ́ dáadáa, ìka nínú ìka.

"Ọláfimíhàn!"

Ọkùnrin náà yíjú sí i. Kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ láàárín wọn. Ó wo ojú Dárasími tààrà, ó ní, "Ta nìyẹn?"

"O ò mọ̀ mí mọ́? Torí pé ìyàwó rẹ wà níbí?"

"Dára?" Ó na ọwọ́, afẹ́fẹ́ lásán ló bà. "Dára, ṣé ìwọ ni? Níbo lo wà?"

Níbo lo wà. Bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ ló dúró sí. Dárasími wo ojú náà bó ṣe ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́, ó wo obìnrin kejì, ó sì rí i pé èjí kan náà ló wà lẹ́nu wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà," ni Mary wí jẹ́jẹ́. "Kì í ríran lálẹ́." Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà fún wọn, ó tan iná, ó sì lọ dúró sódìkejì títì.

Ọláfimíhàn sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rọ̀ dókítà, ìyá rẹ̀, bàbá tó kó ẹrù.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí. O sọ fún mi pé òkùnkùn ló pa ìyá rẹ. Ṣé kí n wá sọ fún ọ pé òkùnkùn ń bọ̀ lójú tèmi náà?"

"Ṣé ó máa dé pátápátá?"

"Wọn ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ogún ọdún. Ti màámi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Dárasími kò lè purọ́ fún un. "Fimíhàn, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀, ìfẹ́ mi. Máa lọ sílé. Mi ò ní í pè ọ́. Tí o bá pè mí, màá gbé e. Tí o ò bá sì pè, mi ò ní í dì ọ́ sínú."

Dárasími lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi pè é. Ó ń gba Ìdímù lọ sílé tààrà. Nígbà tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀, bàbá náà mi orí tìtì. "Ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n mo ti sìnkú ẹnìkan nítorí òkùnkùn, Dára. Mi ò lè fà ọ́ lé e lọ́wọ́."

Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹfà, ilé-ìwé ṣe ìpàdé òbí, òjò ńlá sì dé bá wọn níbẹ̀. Nígbà tó di aago méje àbọ̀, omi ti bo títì Ìdímù, ọkọ̀ kankan ò lọ. Fóònù Dárasími dún.

"Dára." Ohùn bàbá rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé. "Wọ́n mú iná lọ. Mo fẹ́ pa fèrèsé dé nínú yàrá mi, àpótí kan ló gbé mi ṣubú. Mi ò lè dìde. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi."

Dárasími pe Mardiyah tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkòtún ni ìyẹn lọ. Kò sẹ́lòmíràn nínú ilé. Ó dúró nínú omi tó dé orúnkún rẹ̀, ó ń gbọ́ gbì ọjọ́sí nínú etí rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó wà nítòsí ilé, tó sì mọ inú ilé náà. Ẹni náà kò sì lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ó pè é. Ọláfimíhàn gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá mi ti ṣubú. Èmi nìkan… mi ò lè débẹ̀. Ṣé Mary wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Mary kò tíì dé, òjò ló há mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Lábẹ́ ìkòkò òdòdó, lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fimíhàn, báwo lo ṣe máa…"

"Mò ń lọ."

Kẹ̀kẹ́ gbé e dé ẹnu òpópónà, kò sì lè wọlé nítorí omi. Oníkẹ̀kẹ́ tọ́ka ọ̀nà sí i, ọwọ́ náà kò hàn sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òkùnkùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ilé àkọ́kọ́, ó ń tọ̀ ọ́ lọ, ó ń ka géètì: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Lẹ́yìn géètì kẹrin, ilẹ̀ tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gọ́tà gbé e mì dé itan, kọnkéré sì bó ojúgun rẹ̀. Omi ń fà á. Ó ké, kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú òjò. Ó di irin kan mú, kò mọ irin kí ni, ó fà, ó jáde, ó sì tún gbé àtẹ́lẹwọ́ sára ògiri.

Ó wọ géètì, ó di irin àtẹ̀gùn mú gòkè, ó sì rí kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wọlé. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Nísàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọ̀ oyin kékeré kan ń tàn, ìyẹn ló sì rí ní gbogbo ayé. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Yàrá Bàbá dúdú bí inú ilẹ̀.

"Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ sà. Ẹ má dákẹ́."

"Ta nìyẹn?"

"Ọláfimíhàn ni. Ẹ máa sọ̀rọ̀."

"Mo wà nílẹ̀… lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì…"

Ó rá lọ bá ohùn náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan èjìká tó ń gbọ̀n. Kò gbé bàbá náà dìde, kí egungun má baà tún ṣẹ́. Ó fa tìmùtìmù kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi sábẹ́ orí rẹ̀, ó pe ilé ìwòsàn, ó sì jókòó sílẹ̀ tì í. Alàgbà Báyọ̀dé tan fóònù rẹ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ní ojúgun ọmọkùnrin náà, ó rí ẹrẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀, ó sì rí bó ṣe kọjú sí kọ́ńbọ́ọ̀dù tó rò pé bàbá ló ń wò.

"O ò rí mi?"

"Mi ò rí yín sà. Ohùn yín ni mo tọ̀ wá."

"O fi ojú báyìí wá láti Akówọnjọ nínú òjò yìí?" Bàbá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Má lọ."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà sà. Mi ò lọ." Ó rọra gbé orí bàbá náà lé itan ara rẹ̀.

Bí Dárasími ṣe bá wọn nìyẹn. Fóònù rẹ̀ ti kú lọ́nà, àtẹ̀gùn sì ṣókùnkùn biribiri. Ó sáré gùn ún láìdúró. Ó bá bàbá rẹ̀ láàyè, orí rẹ̀ lórí itan ọkùnrin náà. Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó bú sẹ́kún.

Eegun ìbàdí ló ṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta nílé ìwòsàn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Alàgbà Báyọ̀dé ní kí wọ́n bá òun fi iná kan sí yàrá òun. Ó tún di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mi ò dí ọ lọ́nà mọ́."

"Bàbá, mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ tí Màámi ṣubú," ni Dárasími sọ lójijì. "Mo gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Èmi náà gbọ́ ọ. Èmi náà ò tètè jáde." Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sunkún.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Dárasími tọ Ọláfimíhàn lọ. "Mú mi lọ sí Oǹdó. Mo fẹ́ rí ìyá rẹ."

"Dára, ẹ̀rù ò bà ọ́ mọ́ ni?"

"Ó ń bà mí. Ọjọ́ wo ni ká lọ?"

Ìyá arúgbó náà jókòó lórí àga lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú ìka. Ó gbọ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ló ń bọ̀. Ó ní kí ọmọbìnrin náà súnmọ́ òun, ó sì fi ọwọ́ ka ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́.

"Ọmọ mi á fọ́jú. Bí èmi ṣe fọ́jú. Ẹni tó fẹ́ mi sá lọ, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló bà á. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa sá?"

Ọláfimíhàn dúró lẹ́yìn Dárasími. Dárasími di ọwọ́ ìyá náà mú.

"Ẹ̀rù á máa bà mí, mà," ló wí. "Mi ò ní í sá."

Ìyá náà fà á mọ́ra, ẹ̀wà dà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wò ó.

Oṣù Kọkànlá ni wọ́n ṣègbéyàwó, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ti gba yàrá méjì ní Òkè-Odò, Dárasími ló sì yan gbogbo iná ibẹ̀. Ó jiyàn lórí àwọ̀ ti balùwẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ó sì borí. Nǹkan kan ṣoṣo ni ọkọ ìyàwó bẹ̀bẹ̀ fún: kí ó jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán, kí wọ́n sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti ń ta wọlé. Alàgbà Báyọ̀dé fi ọ̀pá rìn, ó mú ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀.

Àlùfáà béèrè bóyá Ọláfimíhàn gbà láti mú obìnrin yìí ní aya. Kò dáhùn. Ó ń wo Dárasími. Ó wo irun ojú rẹ̀, ó wo àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó wo òógùn tó ń bọ̀ lábẹ́ ìbòjú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Kí lò ń wò?" ni Dárasími sọ jẹ́jẹ́.

"Mò ń kọ́ ojú rẹ sórí."

Omi kún ojú Dárasími. Kò nù ún, kò sì yíjú kúrò. Ó dúró jẹ́ẹ́ nínú oòrùn náà, ó jẹ́ kó wo òun tó. Àlùfáà, tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, pa ìwé rẹ̀ dé mọ́ ìka, ó dúró pẹ̀lú wọn. Nígbà tó yá, ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, Ọláfimíhàn sì dáhùn.